Kí Ẹ́ńjìnnì Rótárì Má Baà Kú Mọ́ Yín Lọ́wọ́ Nínú Súnkẹrẹ-Fàkẹrẹ Ìkòròdú

Lórí afárá Màjídùn ni mo wà lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì mi àkọ́kọ́ kú. Oòrùn mú ganrínganrín, ọkọ̀ ò rìn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, éésì ń fẹ́ sí mi lójú, abẹ́rẹ́ ìgbóná orí dáṣíbọ́ọ̀dù sì dúró láàárín gbùngbùn bó ṣe máa ń dúró láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ náà. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ yẹn máa gbéra, kò rọra gòkè; ó fò ni. Kí n tó ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, èéfín funfun ti bo gbogbo iwájú ọkọ̀. Mazda RX-8 ọdún 2005 ni, ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì rótárì, tọ́kùnbọ̀ tí mo tu owó jọ fún ọdún mẹ́ta kí n tó rà á.

Mẹkáníìkì tí a wọ́ ọ lọ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Àbúrò, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Ọjọ́ méjì, ó parí." Èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ́ńjìnnì yìí ò ní tọ́ọ̀pù, kò sì ní gásíkẹ́ẹ̀tì kankan tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Owó ìpààrọ̀ ohun tí kò sí nínú ọkọ̀ ni mo fẹ́ẹ́ san. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ní RX-7 tàbí RX-8 ní Ìkòròdú níbí, tó sì ń gba Máìlì 12 lọ sí ibi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wa. Felix Wankel, ará Jámánì, ló ronú kan ẹ́ńjìnnì yìí. Mazda ní Japan ló gbé e wọ ọkọ̀ Cosmo Sport lọ́dún 1967, tí wọ́n sì tẹ̀ síwájú títí RX-8 fi kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2012. Kò sí písítìnì níbẹ̀. Irin onígun mẹ́ta méjì tí a ń pè ní rótọ̀ ló ń yí nínú ilé wọn. Alumíníọ̀mù ni ilé rótọ̀. Pátákó irin dúdú ló há a láàárín lọ́tùn-ún lósì, bí ìgbà tí a fi búrẹ́dì há ẹyin, bóòtù gígùn gígùn sì gba inú gbogbo wọn kọjá, ó so wọ́n pọ̀. Níbi tí alumíníọ̀mù àti irin ti pàdé, òrùka rọ́bà tín-ín-rín ló ń dí omi lọ́nà kó má bàa wọ inú iná. Síìlì omi ni màá máa pè é. Òun ló kú sí mi lọ́wọ́ lórí afárá.

Ìdí tí ooru fi burú fún ẹ́ńjìnnì yìí ju ti Corolla lọ ni pé nínú ẹ́ńjìnnì písítìnì, ibi kan náà ni afẹ́fẹ́ tútù ń wọ̀ tí iná sì ń jó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, nítorí náà ibẹ̀ ń rí ìsinmi. Nínú rótárì, apá kan náà ni iná ń jó nígbà gbogbo, níbi tí pọ́lọ́ọ̀gì wà. Apá kejì ni afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kì í kúrò nídìí ààrò, èkejì kì í kúrò lábẹ́ fáànù. Alumíníọ̀mù tún ń fẹ̀ ju irin lọ bí ooru bá mú un. Bí ìgbóná bá wá kọjá ààlà, ilé rótọ̀ á wọ́, rọ́bà á gan bí awọ tó gbẹ, omi á sì rí ọ̀nà gbà wọlé. Títú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nìkan ló ń wo èyí sàn. Nítorí náà, iṣẹ́ tiwa ni pé kí ó má débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí ẹ mọ ìgbóná ọkọ̀ yín ní nọ́ńbà.

Abẹ́rẹ́ orí dáṣíbọ́ọ̀dù RX-8 ò ṣeé gbọ́kàn lé. Wọ́n ṣe é kó dúró láàárín bí omi bá wà ní 85°C, kó tún dúró síbẹ̀ náà bó bá wà ní 105°C, kí ẹ̀rù má bàa ba awakọ̀. Nígbà tó bá máa sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ẹ ra ẹ̀rọ OBD kékeré tó ń lo Bluetooth, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kó lè máa ka ìgbóná tòótọ́ látinú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípò ni mo ti ra tèmi, owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ohun tó ń gbà là. Ẹ so ó mọ́ fóònù yín, kí ẹ gbé fóònù síbi tí ojú ti lè rí i. Ẹni tó ní RX-7 kò ní rí ìlò fún èyí. Kó jẹ́ kí ríwáyà fi géèjì ìgbóná tòótọ́ sí i, kí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà omi gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ jí ní ìdájí ọjọ́ Sunday, kí ẹ wa ọkọ̀ gba ọ̀nà Ṣàgámù kọjá Odógunyàn nígbà tí ọ̀nà ṣì dá, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí ẹ bá rí sílẹ̀. Tẹmọ́sítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀, máa ń ṣí ní nǹkan bíi 82°C. Bí ọkọ̀ bá ń sáré geere, ó yẹ kó wà láàárín 82 sí 95. Nínú súnkẹrẹ, ó lè gùn dé nǹkan bíi 100 kí fáànù tó fà á wálẹ̀ padà. Bó bá ti dé 105 tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ ṣe ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ kíákíá. 110 ni èmi máa ń pa ẹ́ńjìnnì, ibi yòówù kí n wà, bí àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè bí wọn ò fun ún. Nọ́ńbà òwúrọ̀ Sunday yẹn ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ 88 lóṣù yìí, tó di 94 lójú ọ̀nà kan náà lóṣù tó ń bọ̀, nǹkan kan ti ń bàjẹ́, ẹ sì ti mọ̀ kí ó tó pariwo.

Ìgbésẹ̀ kejì: omi.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá. Ẹ má ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ omi sí nígbà tó bá gbóná, láéláé. Omi tó wà lábẹ́ ìtẹ̀, ìyẹn pírẹ́ṣọ̀, lè wà ní 110°C láì tíì hó. Bí ẹ bá tú ìtẹ̀ náà sílẹ̀, á hó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú àti ọwọ́ yín ni yóò bù sí. Iṣẹ́ ìdérí yẹn ga ju bí a ṣe rò lọ. Ní gbangba, omi ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n ìdérí tó ń di ìtẹ̀ 0.9 bar mú yóò tì í dé nǹkan bíi 118°C. Ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti là ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ nǹkan mìíràn, ìyẹn ló dínwó jù.

Lórí RX-8, ìdérí náà wà lórí ike omi tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, inú ìtẹ̀ ni ike yẹn ń gbé, ó sì máa ń là níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀; bí ẹ bá rí ilà funfun tàbí àwọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn, ó ti ń jò. Sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ náà máa ń bàjẹ́, iná omi á máa tàn nígbà tí omi kún. Ewu ibẹ̀ ni pé ènìyàn á wá kọ́ láti má ka iná náà sí, títí ọjọ́ tí omi bá tán lóòótọ́. Ẹ tún sẹ́ńsọ̀ náà ṣe. Ẹni tó bá ní RX-7 ti 1992 sókè, kó wo ike kékeré tó ń ya afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi. Ọjọ́ orí àti ooru ti jẹ púpọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì ń fi ti alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi píọ̀ wọ́tà tàbí omi bọ̀rìhóò kún un bí àṣà. Mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá hó ní Agíríìkì, ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà ló máa kọ́kọ́ débẹ̀, bó bá sì jẹ́ kí ẹ lè délé ni, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n pátákó irin inú ẹ́ńjìnnì yìí ń dípẹtà. Bọ̀rìhóò púpọ̀ ládùúgbò wa ní ìpẹtà tí ń sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun di pupa. Ohun tó ṣe sí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni yóò ṣe sí ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀. Kúláńtì tó dára, ìdajì, àti omi bátìrì tí wọ́n ti sè mọ́ (kì í ṣe ásíìdì bátìrì), ìdajì: ìyẹn ni kó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì dà á nù lọ́dún méjì méjì. Òtútù dídì ò sí níbí lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń dá ìpẹtà dúró nínú kúláńtì là ń wá. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ kó dí ibi tó ń jò, ẹ jìnnà sí i pátápátá. Ibi tí ẹ fẹ́ kó dí àti ibi tí ẹ ò fẹ́ kó dí, bákan náà ló rí lójú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò: ọ̀nà afẹ́fẹ́.

Ẹnu kékeré ni àwọn ọkọ̀ yìí ní níwájú, ó sì lọ sílẹ̀. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ gba àárín rédíétọ̀ kọjá, kò gbọdọ̀ rí ibòmíràn yà sí. Ìdí nìyẹn tí Mazda fi fi ike tẹ́ abẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n tún fi fóòmù dí ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ihò ojú ọ̀nà ti fa ike abẹ́ yẹn ya, tàbí mẹkáníìkì tú u nígbà tó fẹ́ dá ọ́ìlì nù, kò sì dá a padà nítorí nọ́ọ̀tì méjì sọnù. "Ike lásán ni," ni wọn máa ń wí. Kì í ṣe ike lásán. Bí kò bá sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé níwájú, á sì sá jáde lábẹ́ láì kan rédíétọ̀. Nígbà tí mo rí ike tọ́kùnbọ̀ ra tí mo dè é padà, ìgbóná ọkọ̀ mi lójú ọ̀nà Ṣàgámù fi dígíríì mẹ́fà wálẹ̀. N ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ yín náà. Bí pátákó nọ́ńbà bá dí ìdajì ẹnu RX-7, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sáré tí wọ́n fi ọwọ́ bò ó ní imú. Ẹ gbé e síbi tí kò ti dí ẹnu náà, kó sì hàn kedere.

Kọ́ńdẹ́ńsà éésì ló wà níwájú rédíétọ̀, àárín àwọn méjèèjì sì ni ẹrùpẹ̀ ń kó sí: iyẹ̀pẹ̀ pupa, ewé, ọ̀rá, kòkòrò. Láti iwájú, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ tú bóòtù òkè rédíétọ̀, ẹ rọra fà á sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wo àárín. Omi họ́ọ̀sì lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kááwọ́ọ̀ṣì fi ẹ̀rọ alágbára wọn yìn ín. Ó máa tẹ ìyẹ́ alumíníọ̀mù rẹ̀ dà, afẹ́fẹ́ ò sì ní kọjá mọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń ṣe èyí: lẹ́yìn ọyẹ́, àti lẹ́yìn òjò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, fáànù. Méjì ló wà lórí RX-8. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan éésì, kí ẹ lọ wo iwájú: ó yẹ kí ẹ gbọ́ wọn kí wọ́n máa yí. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, ẹ wo fíúsì àti rílè kí ẹ tó ra mọ́tò fáànù. Ríwáyà púpọ̀ á sọ pé kí àwọn so ó ní díréètì, kó máa yí nígbà gbogbo. Èyí lè gbé yín dé ilé lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n wáyà tín-ín-rín tí kò ní fíúsì, tó ń gbé iná fáànù méjì, lè dáná sun ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ ṣe é sí ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ tẹmọ́sítáàtì yín sọnù. Àṣà ni lọ́dọ̀ wa. "Ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò níbí." Nínú ẹ́ńjìnnì 13B ti RX-7, iṣẹ́ méjì ni tẹmọ́sítáàtì ń ṣe: bó ṣe ń ṣí ọ̀nà sí rédíétọ̀ ló ń ti ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tó ń dá omi gbígbóná padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú náà á ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi púpọ̀ ò sì ní dé rédíétọ̀ rárá. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó tutù á wá máa gbóná sí i. Fún RX-8 náà, ẹ fi tuntun tó jẹ́ irú tirẹ̀ gan-an síbẹ̀.

Nígbàkígbà tí ẹ bá tú omi, ẹ gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ wa taya iwájú gun pákó tàbí ràm̀pù kí imú ọkọ̀ gbé sókè, ẹ yí hítà dé ìparí gbígbóná, ẹ tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí láti ìgbà tó ti tutù, kí ẹ máa rọ omi kún un díẹ̀díẹ̀ bí èéfó afẹ́fẹ́ ṣe ń hó jáde nínú omi, títí hítà á fi máa fẹ́ ooru gidi. Hítà tó ń fẹ́ òtútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀, tàbí omi ò tó, tàbí páńpù omi ò fà mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà, ọ́ìlì. Ọ́ìlì ló ń tu inú rótọ̀ lára. Nínú ooru tí omi àti ọ́ìlì jọ ń gbé kúrò nínú ẹ́ńjìnnì yìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń gba inú ọ́ìlì jáde. Ọ̀pọ̀ RX-8 onígíà ọwọ́ ní rédíétọ̀ ọ́ìlì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun bọ́m̀pà iwájú, ibi tí òkúta àti ẹrẹ̀ ti ń bá wọn gan-an. Ẹ fọ àwọn náà. Ẹ́ńjìnnì yìí sì ń jẹ ọ́ìlì, kì í ṣe àìsàn: wọ́n ṣe é kó máa tú ọ́ìlì díẹ̀ sínú iná láti fi ra síìlì orí ṣóńṣó rótọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ra epo lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì wò. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí iná ọ́ìlì máa tàn ti pẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ keje ni kọ́ìlì àti sàlẹ́ńsà. Kọ́ìlì mẹ́rin tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná ni RX-8 ní, wọn kì í pẹ́ kú. Bí kọ́ìlì bá rẹ̀, epo tí kò jó á ṣàn wọ inú kátálíìsì, apá sàlẹ́ńsà tó ń fọ èéfín mọ́, ibẹ̀ ni yóò ti wá jó. Kátálíìsì á yọ́, á dí, ooru tó yẹ kó jáde á sì dúró nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ yín ò bá lágbára mọ́ tí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ yín sì ń gbóná, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ lóru: bí ẹ bá rí irin tó pọ́n bí ẹyín iná, ẹ pa á.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀nà ńkọ́? Nọ́ńbà ti dé 105, ẹ wà láàárín Ògólóńtò àti Màjídùn, kò síbi yíyà. Ẹ pa éésì. Ẹ yí hítà dé ìparí gbígbóná, fáànù inú ọkọ̀ dé òpin, ẹ yọ gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Ẹ máa làágùn, ẹ fara dà á. Rédíétọ̀ kékeré kejì ni hítà jẹ́. Bó bá sọ̀kalẹ̀, ẹ rọra wá ibi dúró. Bó bá tún ń gùn, tàbí tí hítà ń fẹ́ òtútù, omi ti tán: ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí fún wákàtí kan ó kéré tán. Àwọn aláàánú á sáré gbé omi tútù wá láti dà á lé ẹ́ńjìnnì lórí. Ẹ dá wọn dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Alumíníọ̀mù tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, bí omi tútù bá kàn án, ó lè wọ́ níbẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó tan án, ẹ ṣí ìdérí, ẹ wo ìwọ̀n omi. Lẹ́yìn náà ẹ tan án pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, kí ẹ fojú sí ẹnu ibẹ̀. Èéfó díẹ̀ tó dáwọ́ dúró lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó há. Èéfó tí kò dáwọ́ dúró, tó ń yára sí i bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo, atẹ́gùn iná ni; síìlì omi ti lọ. Àmì mìíràn: ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n bí ẹni pé rótọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ láàárọ̀, èéfín funfun tó ní òórùn dídùn, họ́ọ̀sì òkè tó ṣì le bí òkúta lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, omi tó ń dín láì sí ibi tó ń jò. Bí ẹ bá rí méjì nínú wọn, ẹ má wà á mọ́. Bí omi bá ń wọlé, ó ń ba ara ilé rótọ̀ jẹ́, ohun tí ẹ ì bá fi rọ́bà tuntun tún ṣe á di ilé rótọ̀ tuntun.

Bó bá wá di pé ẹ́ńjìnnì tọ́kùnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má san owó kí wọ́n tó wọn ìtẹ̀ rẹ̀. Rótọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́ta, géèjì ìtẹ̀ tí mẹkáníìkì fi ń wọn písítìnì ò sì ní fi ju ojú tó lágbára jù lọ hàn. Bí ẹ ò bá rí géèjì rótárì, ẹ ní kí wọ́n tẹ fáfù ẹ̀gbẹ́ géèjì lásán náà mọ́lẹ̀ kí ó má dì í, kí wọ́n yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi sítátà yí i. Abẹ́rẹ́ á máa fò: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Kí fífò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ga dọ́gba, lórí rótọ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kúrú, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ sí ìsọ̀ tó kàn.